Bí Mo Ṣe Fi Bébà àti Bíírò Wá Bí Ayé Ṣe Gbóná Tó

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí olùkọ́ wa gbé fún wa nínú ẹ̀kọ́ nípa ojú ọjọ́ ayé ní yunifásítì kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹ ṣírò bí ayé ṣe gbóná tó. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ńlá nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ oòrùn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ń dé òkè òfurufú wa tó nǹkan bí 1,361 wáàtì lórí mítà kan níbùú lóròó. Ìkùukùu, yìnyín àti iyanrìn ń dá nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 rẹ̀ padà, ó wá ku 953. Iye ooru tó bá wọlé ni ayé gbọ́dọ̀ tú jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kàn máa gbóná lọ ni. Òfin Stefan àti Boltzmann ló sọ bó ṣe ń tú u jáde: tí ìgbóná nǹkan lórí òṣùwọ̀n Kelvin, tó ń kà láti ibi tí òtútù pin sí, bá di ìlọ́po 2, ooru tó ń jáde lára rẹ̀ á di ìlọ́po 16.

Mo ṣírò, ó di 87 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, 87 náà ni. Ta ló fẹ́ gbé inú ayé bẹ́ẹ̀?

Lóru ọjọ́ yẹn, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí bọ́ọ̀lù kan nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, etí rẹ̀ ṣú díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Òjìji rẹ̀ lára ògiri rí róbótó, ó tẹ́ bí àwo. Ibẹ̀ ló ti yé mi: ìmọ́lẹ̀ tí ayé ń gbà kò ju ìwọ̀n òjìji yẹn lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń tú ooru jáde, ara náà sì fẹ̀ ju òjìji lọ ní ìlọ́po 4. Mo pín 953 sí mẹ́rin. Ìdáhùn bọ́ sí −18.

Ṣùgbọ́n ojú ilẹ̀ ayé gbóná tó nǹkan bí 15. Òfurufú ló ni ìyàtọ̀ 33 yẹn, kì í sì í ṣe nitrogen àti oxygen tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló ń ṣe é. Omi tó ti di afẹ́fẹ́ àti carbon dioxide ló ń gbá ooru mú jù. Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Charles David Keeling bẹ̀rẹ̀ sí wọn carbon dioxide ní Mauna Loa, òkè kan ní Hawaii, lọ́dún 1958, ó jẹ́ nǹkan bí 315 nínú mílíọ̀nù kan. Ó ti kọjá 420 báyìí. Svante Arrhenius, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Sweden, ti fọwọ́ ṣírò ohun tí ìlọsókè rẹ̀ lè dá sílẹ̀ lọ́dún 1896, láìsí kọ̀ǹpútà kankan. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi lọ́jọ́ yẹn.

Mo wá fi òfurufú bo ayé mi bí aṣọ kan ṣoṣo. Nígbà tí aṣọ náà ń gbá gbogbo ooru tó ń ti ilẹ̀ bọ̀ mú, ilẹ̀ gbóná dé 30. Mo jẹ́ kó máa jò díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku 78 nínú 100 tó ń gbá mú: ó di 15 géérégé. Mo gbé 78 yẹn sí 80 péré, ìgbóná sì fi ohun tó lé ní 1 gòkè.

Mo dá a padà sí 78, mo ronú kan yìnyín tó ń yọ́, mo sì sọ 30 tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà di 29. Òun náà tún fi bíi 1 gòkè. Mo kọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo fa ìlà sí wọn nídìí, mo sì gbé bébà náà lọ fún olùkọ́.