Bí A Ṣe Ń Fi Bátìrì Tuntun Rọ́pò Àtijọ́ Nínú Ilé Láìséwu

Bátìrì kò ní ibi tí a ti ń pa á. Ẹ lè pa ínfátà, ẹ lè pa iná gbogbo ilé, ẹ lè gé iná sólà tó ń bọ̀ láti orí òrùlé, iná tó wà nínú bátìrì kò lọ síbì kan. Irin kan ṣoṣo tó bá kan orí rẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ti tó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún amp ló lè gba inú sípánà kọjá kí ẹ tó ṣẹ́jú, irin náà á pọ́n, á yọ́, á sì ta sójú ẹni tó mú un dání. Brẹ́kà ara bátìrì lítíọ́mù pàápàá, ohun tó ń jáde síta nìkan ló ń dá dúró. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ ti pa nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó bá wá sọ́dọ̀ mi, torí òun ló sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ ètò ju iṣẹ́ agbára lọ: èwo la kọ́kọ́ pa, èwo la kọ́kọ́ tú, èwo la tàn kẹ́yìn.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára ohun tí wọ́n ń pè mí sí ni n ó fi ṣàlàyé: bátìrì olómi mẹ́rin, 12 volt 200Ah ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n so tẹ̀léra di 48 volt, tí onílé fẹ́ kó kúrò kí lítíọ́mù bọ́ sípò wọn. Lítíọ́mù tí mo ń wí ni LiFePO4, irú tó wọ́pọ̀ nínú ilé báyìí, tí ooru kì í tètè sọ di iná bí irú ti inú fóònù. Bí ohun tó wà nílé yín bá jẹ́ bátìrì tí volt rẹ̀ ga, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní 200 volt sí 400 volt tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má tú u fúnra yín rárá. Iná DC, irú ti bátìrì àti sólà, tó ga tó bẹ́ẹ̀ ń pa ènìyàn, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fò láàárín irin méjì, kì í tètè kú bíi ti AC, irú ti iná ìjọba. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọ́ ló yẹ kó ṣí i. Bó tilẹ̀ jẹ́ 48 volt, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí òfin ibi tí ẹ ń gbé sọ, torí wáyà iná ilé wà lára ínfátà kan náà, ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé oníṣẹ́ iná tó ní ìwé àṣẹ nìkan ni wọ́n gbà kó fọwọ́ kàn án.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ṣírò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé lítíọ́mù 100Ah kò lè tó bátìrì olómi 200Ah, bẹ́ẹ̀ ni kò rí. Mẹ́rin lọ́nà 12 volt lọ́nà 200Ah jẹ́ 9,600Wh, ìyẹn ìwọ̀n iná tó wà nínú wọn, ṣùgbọ́n bátìrì olómi tí a bá ń lò kọjá ìdajì lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ kú, nítorí náà 4,800Wh ni ẹ ń rí lò gan-an. Lítíọ́mù 51.2 volt 100Ah jẹ́ 5,120Wh, ẹ sì lè lo ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, èyí tó jẹ́ bíi 4,600Wh. Wọn ò jìnnà síra wọn.

Ibi tí wàhálà ti ń wá ni amp. Ínfátà 5kW tó bá ń ṣiṣẹ́ tó bó ṣe lè ṣe é máa fa ju 100 amp lọ lára bátìrì 48 volt, torí 5,000 tí a pín sí 48 jẹ́ 104, a ò sì tíì ka èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ọ̀pọ̀ lítíọ́mù 100Ah ni wọ́n kọ 100 amp sí lára pé kó má kọjá rẹ̀, àwọn mìíràn ò tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi bá jọ ṣiṣẹ́, BMS, ẹ̀rọ kékeré inú bátìrì tó ń ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, á gé iná, ilé á ṣókùnkùn, onílé á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Kì í ṣe ayédèrú. Ẹyọ kan ni wọ́n gbé síbi tó yẹ kí méjì wà. Ẹ ka ìlà tí wọ́n kọ "discharge current" sí nínú ìwé rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì rí i dájú pé ínfátà yín ní àyè fún lítíọ́mù tàbí àyè tí ẹ lè fọwọ́ ara yín to nọ́ńbà sí.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí náà ṣe pàtàkì. Kì í ṣe yàrá tí ènìyàn ń sùn, kì í ṣe abẹ́ àtẹ̀gùn, kì í ṣe ọ̀nà tí ẹ máa gbà sá jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ. Kí oòrùn má pa á, kí afẹ́fẹ́ yí i ká. Níbi tí òtútù ti ń mú gan-an, lítíọ́mù yìí kò gbọdọ̀ gba iná nígbà tí ara rẹ̀ bá ti wálẹ̀ kọjá 0°C, torí inú rẹ̀ á bàjẹ́ láìsí pé ẹnì kan rí i láti ìta.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, òrùka, aago ọwọ́ àti ẹ̀wọ̀n ọrùn, gbogbo rẹ̀ ni ẹ máa bọ́ sílẹ̀. Mo máa ń fi tẹ́ẹ̀pù wé sípánà láti ìdí dé ọrùn, ẹnu rẹ̀ nìkan ló máa ń hàn. Ìbọ̀wọ́, awò tó bo ojú dáadáa, omi púpọ̀ àti baking soda nítòsí nítorí ásíìdì. Ẹ ṣí fèrèsé: bátìrì olómi tó ń gba iná ń tú gáàsì haidrójìn jáde, tó bá sì ti tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ yàrá, iná kékeré tó ta báyìí ti tó láti mú un bú gbàmù. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fọwọ́ kan bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná tán. Mo ń jẹ́ kó sinmi. Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò gbogbo wáyà, kí ẹ sì fi tẹ́ẹ̀pù kọ orúkọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lára. Ènìyàn méjì ni kó gbé e o. Bátìrì olómi ńlá kan lè wúwo tó 60kg.

Pípa rẹ̀ ní ètò. Ẹ pa gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ilé. Ẹ pa iná ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ń wọ ínfátà. Ẹ pa brẹ́kà sólà. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa pa ínfátà, brẹ́kà bátìrì ló kẹ́yìn. Sólà gbọdọ̀ ṣáájú bátìrì, torí bí ẹ bá yọ bátìrì nígbà tí oòrùn ṣì ń fún ẹ̀rọ ní iná, iná yẹn kò ní ibi tí yóò lọ, volt rẹ̀ á fò sókè, ó sì lè jó ẹ̀rọ tó ń cháàjì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa gbogbo rẹ̀, ẹ dúró. Àwọn kapásítọ̀ inú ínfátà ṣì mú iná dání. Ìwé ẹ̀rọ á sọ iye ìṣẹ́jú. Èmi kì í dúró dín ní mẹ́wàá.

Lẹ́yìn náà, mítà. Ẹ gbé e sí DC, ẹ kọ́kọ́ fi wo bátìrì fúnra rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé mítà náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá fi wo ibi tí wáyà bátìrì ti wọ ínfátà, kó ti wálẹ̀ sún mọ́ òdo. Ẹ tún padà fi wo bátìrì. Mítà tí bátìrì inú rẹ̀ ti kú á fi òdo hàn yín níbi tí iná wà, ìdí tí ẹ̀ẹ̀kẹta fi wà nìyẹn.

Nẹ́gẹ́tíìfù ni ẹ máa kọ́kọ́ tú, kí ẹ fi tẹ́ẹ̀pù wé ẹnu wáyà náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó kan pọ́sítíìfù. Àwọn wáyà kúkúrú tó so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ló kàn, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ti ń tú wọn ni 48 volt ń fọ́ sí 12 volt, ewu náà ń dínkù, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Bo gbogbo orí tí ẹ bá ti tú. Ẹ má gbé sípánà lé orí bátìrì láéláé, kódà fún ìgbà díẹ̀. Ohun funfun tàbí àwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀, baking soda tí ẹ pò mọ́ omi ni kí ẹ fi nù ún, kó má wọ inú sẹ́ẹ̀lì.

Bí àtijọ́ náà bá jẹ́ lítíọ́mù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ara rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Wọ́n ti pe àwọn kan padà rí nítorí pé wọ́n lè gbiná: ní 2020, LG bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn kan nínú bátìrì ilé RESU padà ní Amẹ́ríkà. Èyí tó bá ti wú, tó ń rùn tàbí tó gbóná láìsí iṣẹ́, ẹ má gbé e, ẹ má tú u. Ẹ jáde kúrò níbẹ̀, kí ẹ pe panápaná.

Ìyá kan tí mo ṣiṣẹ́ fún bi mí pé, "Ọmọ mi, méjì nínú àwọn àtijọ́ yìí ṣì dáa, ṣé o ò lè fi wọ́n ti tuntun lẹ́yìn ni?" Mo ní, "Rárá o, Mà, ẹ má bínú." Mo gbé mítà, mo fi volt àwọn méjèèjì hàn wọ́n. Olómi àti lítíọ́mù kì í gba iná ní volt kan náà. Bí a bá so wọ́n pọ̀, ọ̀kan á máa fa ìkejì títí ọ̀kan fi máa bàjẹ́, kò sì sí bí ẹ ṣe máa to nọ́ńbà ínfátà tó máa tẹ́ méjèèjì lọ́rùn. Àwọn onílé máa ń béèrè ìbéèrè yìí torí owó ni wọ́n ná sí i, mo sì mọ̀ ọ́n lára wọn, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi kì í yí padà.

Kí ẹ tó gbé tuntun wọlé, ẹ yẹ wáyà wò. Lọ́ọ̀gì, irin ẹnu wáyà tí a fi ń dì í mọ́ orí bátìrì, kò dára bí wọ́n bá fi òòlù lù ú mọ́ wáyà. Ẹ̀rọ tó ń fún un ni kí wọ́n fi fún un. Lọ́ọ̀gì tó bá ń mì ń gbóná, ooru rẹ̀ ló sì ń jó ike. Fíúsì gbọdọ̀ wà nítòsí bátìrì, kó jẹ́ ti DC, kí agbára rẹ̀ má sì kọjá ohun tí wáyà lè gbé. Ẹ má fi brẹ́kà AC síbẹ̀. Ó lè pa iná AC dáadáa, kó kùnà pátápátá lọ́dọ̀ DC.

Bó bá jẹ́ lítíọ́mù méjì lẹ fẹ́ so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ kọ́kọ́ cháàjì ọ̀kọ̀ọ̀kan kún kí volt wọn lè bára mu, torí èyí tó kún á da iná lu èyí tó ṣófo. Ẹ to àwọn súwíìṣì kékeré ẹ̀gbẹ́ wọn bí ìwé ṣe wí. Pọ́sítíìfù ni ẹ máa so ṣáájú báyìí, nẹ́gẹ́tíìfù kẹ́yìn, brẹ́kà bátìrì ní pípa. Kí ẹ tó tàn án, ẹ tún fi mítà wo èwo ni èwo. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí pọ́sítíìfù bá wọ ibi nẹ́gẹ́tíìfù, ó lè jẹ́ òpin ínfátà. Bí bátìrì yín kò bá ní ohun tó ń fa iná wọlé díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ lo résísítọ̀, ohun tó ń dín agbára iná kù, láti kún kapásítọ̀ ínfátà kí ẹ tó tan brẹ́kà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná á ta, BMS sì lè gé e.

Ẹ tan brẹ́kà bátìrì, ẹ tan ínfátà, kí sólà àti iná ìjọba ṣì wà ní pípa. Ibi tí mo ti rí bátìrì tuntun tó bàjẹ́ jù lọ nìyí. Ínfátà ṣì gbà pé olómi ló wà lẹ́yìn òun. Ó ṣì ní equalisation, tó máa ń gbé volt lọ sókè láti 58 sí 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi ru omi inú bátìrì olómi sókè. Lítíọ́mù 51.2 volt ní sẹ́ẹ̀lì 16, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ kọjá 3.65 volt, èyí tó jẹ́ 58.4 lápapọ̀. Ẹ pa equalisation, kí ẹ má sì fi sílẹ̀ fún "auto". Ẹ pa àyè tó ń yí volt padà nítorí ooru. Fún sẹ́ẹ̀lì 16, ìwé bátìrì sábà máa ń fi ìparí cháàjì sí láàárín 56 sí 57.6, float, ìyẹn volt tó ń fi í sílẹ̀ sí lẹ́yìn tó bá ti kún, sì wà ní bíi 54, ṣùgbọ́n nọ́ńbà inú ìwé ti yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ wo ara bátìrì pẹ̀lú, torí àwọn kan wà tí sẹ́ẹ̀lì wọn jẹ́ 15, wọ́n kọ 48 volt sí wọn lára, ti wọn kò gbọdọ̀ kọjá 54.75. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà sẹ́ẹ̀lì 16 sí i ń pa á díẹ̀díẹ̀. Agbára cháàjì náà, ẹ má fún 100Ah ju 50 amp lọ àfi bí ìwé rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀.

Wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín BMS àti ínfátà lè wọ ihò rẹ̀ dáadáa kó má sì ṣiṣẹ́, torí ètò àwọn irin ẹnu rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì. Ẹ wò ó lójú ínfátà pé ó ń ka bátìrì. Bí kò bá kà á, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìdá ọgọ́rùn-ún tó ń fi hàn. Volt lítíọ́mù fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà láti ibi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún títí yóò fi kù díẹ̀, nítorí náà ínfátà tó ń fi volt nìkan méfò á máa sọ pé ó ku púpọ̀ títí iná á fi lọ.

Wàyí o, ẹ tan iná ìjọba, ẹ tan sólà. Ẹ jẹ́ kó gba iná títí yóò fi kún pátápátá ní ìgbà àkọ́kọ́, kí BMS lè mú gbogbo sẹ́ẹ̀lì dọ́gba. Ẹ wá tan àwọn ohun tó ń fa iná púpọ̀ lára rẹ̀ fún bíi wákàtí kan, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ tó ń wo ooru láti òkèèrè wo gbogbo lọ́ọ̀gì. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ kò dì dáadáa. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ padà bí ètò ti òkè yẹn kí ẹ tó dì í. Ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà tí ẹ tò sí ínfátà sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ẹni tó máa tún un ṣe lọ́la lè máà jẹ́ ẹni tó ṣe é lónìí.

Ó wá ku àwọn àtijọ́ nílẹ̀. Ẹ gbé wọn dúró, ẹ má dà wọ́n dùbúlẹ̀, ẹ bo orí wọn. Ẹ má da omi inú wọn sílẹ̀, nítorí ásíìdì àti òjé ló wà níbẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sí oògùn tó ń dá ohun tó bà jẹ́ padà. Òjé inú bátìrì ṣeé yọ́ tún lò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àmọ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ní ohun èlò rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ta tuntun fún yín ni kí ẹ kọ́kọ́ bi bóyá ó ń gba àtijọ́. Bí ẹni tó fẹ́ gbé e kò bá lè sọ ibi tó ń gbé e lọ, ẹ má gbé e fún un.