Ẹ pa laptop dé, ẹ mú bírò: ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò Prolog àti Haskell

Ní Kabba níbí, bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, àwọn àbúrò tó ń ka kọ̀ǹpútà ní yunifásítì máa ń wá bá mi kàwé. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ pa laptop dé. Bírò àti pépà lẹ máa bá lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, òun ni kẹ́ ẹ fi múra.

Prolog, ọ̀kan lára àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni kẹ́ ẹ fún ní àkókò jù. Láti 1972 tí Alain Colmerauer àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe é ní Marseille, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn: ẹ sọ ohun tó jẹ́ òótọ́ fún un, ẹ wá bi í ní ìbéèrè. Ẹ kọ èyí (:- túmọ̀ sí “bí”; ohun tó bá fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ ni variable, tó lè dúró fún ohunkóhun):

ona(kabba, mopa).
ona(mopa, isanlu).
ona(isanlu, egbe).
de(X, Y) :- ona(X, Y).
de(X, Y) :- ona(X, Z), de(Z, Y).

Ẹ bi í pé: ?- de(kabba, Ibi). Ẹ ya gbogbo ẹ̀ka tí Prolog máa gbà sórí ìwé. Láti òkè wálẹ̀ ló ń yẹ òfin wò. Nínú òfin kan, láti òsì sí ọ̀tún ni. Níbi tí ọ̀nà bá ti dí, ó máa padà síbi tó ti ní yíyàn mìíràn kẹ́yìn. Backtracking nìyẹn. Mopa ló máa kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà isanlu, lẹ́yìn náà egbe. Ìgbà tẹ́ ẹ bá kọ ìdáhùn yín tán ni kẹ́ ẹ tó ṣí SWI-Prolog, ètò tó ń mú Prolog ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ tẹ trace. tó máa fi ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan hàn yín, kẹ́ ẹ fi wé e.

Ẹ wá yí ìlà tó kẹ́yìn padà sí: de(X, Y) :- de(X, Z), ona(Z, Y). Ìtumọ̀ méjèèjì bára mu délẹ̀, síbẹ̀ èyí máa mú ìdáhùn mẹ́ta náà wá, kò sì ní dúró mọ́ títí mẹ́mórì á fi tán. Bẹ́ ẹ bá gbé e sókè òfin kejì rẹ̀, ìdáhùn kan ò ní jáde rárá. Mi ò kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sùn láìjẹ́ pé ó lè fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà.

Ẹ ṣọ́ra fún \+ pẹ̀lú, àmì tí Prolog fi ń sọ pé “kì í ṣe bẹ́ẹ̀”. Kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni. Ó túmọ̀ sí pé Prolog ò rí ẹ̀rí. \+ ona(kabba, iyara) máa jẹ́ òótọ́ nínú fáìlì yìí, bẹ́ẹ̀ ta ni ò mọ ọ̀nà Iyara ní Kabba?

Ní ti Haskell, tóun náà jẹ́ èdè ètò kọ̀ǹpútà, ẹ fọwọ́ ṣe map, filter, foldr àti foldl, àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí àkójọ; foldr ń kó o jọ láti ọ̀tún, foldl láti òsì. foldr (-) 0 [5,3,1] jẹ́ 3. Foldl rẹ̀ jẹ́ -9. Ẹ kọ àkámọ́ wọn síta kẹ́ ẹ rí i. Ẹ mọ ìdí tí take 5 [1..] fi ń parí bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkójọ náà ò lópin: ohun tí wọ́n bá bèèrè nìkan ni Haskell ń ṣírò.

Kẹ́ ẹ tó fi pépà sílẹ̀, ẹ wo lẹ́tà ńlá àti àmì ìdánudúró. Bẹ́ ẹ bá kọ ona(Kabba, mopa)., Kabba ti di variable nìyẹn, gbogbo ìlú ayé ló ti lọ́nà dé Mopa.