Ọjọ́ tí àwọn àgbà gbé àpótí ìwé wá sí ilé ìkàwé wa

Ilé ìkàwé yunifásítì kan ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá wa pè mí, wọ́n ní kí n gba ètò ìjíròrò ìwé sọ́wọ́. Èyí tí a ṣe ṣáájú ìgbà náà ṣì ń dùn mí: ọ̀mọ̀wé kan ka ìwé tó kọ fún wákàtí kan àtààbọ̀, àwa òṣìṣẹ́ la jókòó tì í, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n wá buwọ́ lùwé ń tẹ fóònù. Ará ìlú kankan ò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, a kọ ọ́ gàdàgbà sára ìwé ìpè pé tẹrútọmọ la pè.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó wà ní ilé ìkàwé mìíràn ní Ìjẹ̀bú ní kí n kọ bí a ṣe ṣe èyí tó tẹ̀lé e. Bó ṣe lọ nìyí.

Ìwé ni mo kọ́kọ́ wá. Mo mú Ìsarà, èyí tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1989. Ọmọ ìlú Ìsarà ní Rẹ́mọ ni bàbá rẹ̀, tíṣà sì ni. Nígbà tí bàbá ti kú, ọmọ ṣí àpótí onípáànù kan tí wọ́n fi sílẹ̀, ó bá lẹ́tà níbẹ̀, ó bá ìwé àtìgbàdégbà tí bàbá fàlà sí, rìsíìtì owó orí àti àkọsílẹ̀ ìpàdé. Inú àwọn ìwé wọ̀nyẹn ló ti fa ìtàn àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Iléṣà yọ, àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ex-Ilé, tí ọ̀rọ̀ ìlú wọn ò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ọ̀rọ̀ oyè Ọdẹmọ, ìyẹn ọba Ìsarà, pàápàá wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà tó yí wa ká mọ̀ dénú egungun: Samuel Akinsanya, ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Nigerian Youth Movement, gorí ìtẹ́ ní Ìsarà ní 1941.

Àpótí yẹn ló gbé mi lọ́kàn. Mo rò ó pé kò sí ilé tí irú rẹ̀ ò sí lábẹ́ ibùsùn.

Ẹ̀dà méjì péré ló wà lórí pẹpẹ wa, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022 ò sì gbà kí n da odidi ìwé kọ kí n máa pín in kiri. Mo yan ibi mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ojú ìwé kan lọ, mo sì sọ wọ́n di Yorùbá fún kíkà sétígbọ̀ọ́. Iṣẹ́ ńlá ni o. Mo tọ màmá kan, olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì, lọ ní Ṣàgámù, a lo odidi àárọ̀ lórí ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Gẹ̀ẹ́sì ìwé náà le, àmọ́ bí a ṣe ń tú u, ọ̀pọ̀ gbólóhùn ń bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni pé ilé ló ń padà sí. Màmá yẹn á dákẹ́, wọ́n á tún un sọ bí bàbá wọn ì bá ṣe sọ ọ́, wọ́n á ní, "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi."

Ọjọ́bọ̀, aago mọ́kànlá àárọ̀, la fi ètò sí. Ọjọ́ Ẹtì ní Jímọ̀, Sátidé ní òde, àgbàlagbà ò sì gbọdọ̀ pẹ́ lójú títì Ṣàgámù sí Ìbàdàn lálẹ́. A tún yẹra fún ọ̀sẹ̀ Iléyá, nítorí Ojúde Ọba máa ń wáyé ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta ọdún, gbogbo ọkọ̀ ló máa ń dojú kọ ibẹ̀.

Lẹ́tà nìkan ò lè pe àgbà. Mo lọ kí wọn láàfin, mo lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, mo bẹ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kí wọ́n bá mi kéde. Ohun kan ni mo ń sọ níbi gbogbo: kí kálukú mú ìwé kan ṣoṣo wá látinú àpótí bàbá tàbí ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ẹnu géètì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń béèrè káàdì ìdánimọ̀, màmá kan sì ti yí padà pẹ̀lú ìbínú kí n tó sáré débẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Ó yẹ kí n ti mú orúkọ lọ fún wọn ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí n sì fi ẹnìkan síbẹ̀ tí yóò máa kí àlejò káàbọ̀. Nísinsìnyí, a kì í ṣe ètò kankan láì ṣe bẹ́ẹ̀.

A to àga yí ká, kò sí tábìlì gíga. Iná lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì ń bo ohùn mọ́lẹ̀, la bá pa á, a ṣí fèrèsé. Mo ka apá kìíní, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni mo béèrè ẹni tó gbé nǹkan wá.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Bàbá kan tú aṣọ àdìrẹ kan, rìsíìtì owó orí bàbá wọn ló wà nínú rẹ̀. Ojú wọn ò ríran mọ́, wọ́n nà án sí ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó tì wọ́n. Ọmọ náà ń ka orúkọ jáde díẹ̀díẹ̀, nítorí ìkọ̀wé akọ̀wé àtijọ́ yẹn lọ́ mọ́ra wọn, bàbá sì ń fi ẹ̀ka èdè Rẹ́mọ tún orúkọ náà pè bó ṣe yẹ. Mi ò rí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Màmá tí mo bẹ̀ lẹ́nu géètì gbé ìwé èésú ìyá wọn dìde, wọ́n ń dárúkọ àwọn tó ti kó tiwọn lọ, ẹlòmíràn ń ké láti ẹ̀yìn pé ìyá òun nìyẹn. Nígbà tí a dé ibi ọ̀rọ̀ oyè, àwọn àgbà méjì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn gidi. Atọ́kùn fẹ́ pa á mọ́ wọn lẹ́nu, mo ṣẹ́jú sí i pé kó fi wọ́n sílẹ̀. Inú iyàn yẹn la ti gbọ́ ohun tí ìwé kankan ò sọ.

A ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìwé ní igun yàrá. 300 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe hàn kedere tó) la fi ń yà á, ẹni tó ni ín máa ń buwọ́ lùwé ìyọ̀ǹda, ìwé rẹ̀ sì ń bá a lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára púpọ̀, nítorí èèyàn mẹ́ta ló gbé sáátífíkéètì tí wọ́n ti láméènì wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má láméènì ìwé àtijọ́, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń pọ́n, ó máa ń jẹ ìwé. Ẹ rọra yọ píìnì tó ti dógùn-ún, kí ẹ tọ́jú ìwé náà síbi gbígbẹ tí ikán ò lè dé, kì í ṣe mọ́ ara ògiri.

Apá kẹta tí mo kà dá lórí Wade Cudeback, ará Amẹ́ríkà tí tíṣà inú ìwé náà ń kọ lẹ́tà sí láì tí ì rí i rí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Nígbà tí a ń pín omi, bàbá onírìsíìtì fọwọ́ tọ́ mi: "Òyìnbó yẹn, ṣé ó wá síbí?"

Mo ní, "Bàbá, ó wà nínú ìwé, ìwé sì wà lórí pẹpẹ." Mo ṣe káàdì àlejò fún wọn kí wọ́n tó lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n dé, àwọn àti ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ó ń tú u fún wọn, wọ́n ń tún un ṣe. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń wá báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orí kejì ni wọ́n wà.