Ẹ̀yin Olórin Tó Ń Lọ Ṣeré Nílùú Òtútù, Ẹ Yéé Fowó Ṣòfò Báyìí

Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé irinṣẹ́ wọlé, kí n to máìkì, kí n tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe kí olórin tó gun orí ìtàgé. Ohun tó ń dùn mí ni pé nǹkan kan náà làwọn tó ń lọ ìlú òtútù fúngbà àkọ́kọ́ máa ń ṣe, wọ́n á wá máa pariwo pé òtútù ló ba gìtá àwọn jẹ́. Òtútù kọ́ o, ìkánjú ni, àti ooru hítà. Mi ò sọ ti ìlú tí súwẹ́tà kan ṣoṣo ti tó o, ìlú bíi Yakutsk ní Rọ́ṣíà ni mò ń sọ, níbi tí -40°C ò ti ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu lóṣù January, tàbí Fairbanks ní Alaska, tàbí Winnipeg ní Kánádà.

1. Ẹ má fi gìtá sínú mọ́tò mọ́jú. Mi ò ní ṣàlàyé èyí.

2. Ẹ má ṣí kéèsì gìtá bẹ́ ẹ ṣe ń wọlé. Ibí lọ̀rọ̀ wà gan-an. Látàárọ̀ ni kéèsì ti wà lẹ́yìn mọ́tò, ẹ dé gbọ̀ngàn, wọ́n ti tan hítà, ọwọ́ ń yún yín láti wò ó bóyá gìtá wà ní àlàáfíà. Tẹ́ ẹ bá ṣí i báyìí, omi á sẹ̀ sí gbogbo ara ẹ̀ bó ṣe ń sẹ̀ sára ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú fíríìjì, á wọ pickup, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn okùn gìtá, á wọ ihò jáàkì. Fáníìṣì náà á sì sán, pàápàá gìtá àtijọ́ tí wọ́n fi fáníìṣì tí wọ́n ń pè ní nitrocellulose kùn, torí igi àti fáníìṣì kì í fẹ̀ bákan náà. Onígìtá kan ṣe é níṣojú mi, mo ní kó dúró, ó ní soundcheck, ìyẹn ìdánwò ohùn ká tó bẹ̀rẹ̀ eré, ti pẹ́. A kàn gbọ́ “tá!” ni, kékeré báyìí, gbogbo wa dákẹ́. Ìlà tín-ín-rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára gìtá, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, látìdí ọrùn títí dé bridge tí okùn jókòó lé, ó ń fi àtàǹpàkò nù ún bí ẹni pé ó máa parẹ́. Ó dùn mí dọ́kàn.

Ẹ gbé kéèsì sí igun kan tó jìnnà sí hítà, ẹ fi sílẹ̀ ní títì fún wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún. Ìgbà tí irin ara kéèsì ò bá tutù mọ́ lẹ tó lè ṣí i. Bákan náà ni kíbọ́ọ̀dù àti amp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, ẹ má tan wọ́n tí omi bá ṣì wà nínú wọn. Promoter, ìyẹn ẹni tó ṣètò eré, tó bá ní kẹ́ ẹ wọlé láago márùn-ún kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ní méje, ẹ ti bá a sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé.

Gbígbẹ inú yàrá ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tó tutù bẹ́ẹ̀ kì í gbé omi púpọ̀ dání, tí hítà bá wá mú un gbóná, ọ̀rinrin ẹ̀ lè já sí 20% tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, gìtá onígi sì ń fẹ́ bíi 45 sí 55%. Igi á súnkì, etí fret, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn gìtá, á yọ síta, á máa gé yín lọ́wọ́, tó bá yá ojú gìtá á là. Humidifier kékeré, ohun tó ń fún gìtá lọ́rinrin, tó ń wọ inú ihò gìtá ò wọ́n, ẹ rà á. Ẹ dẹ awọ ìlù kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹni tó ń fọn fèrè onígi tí wọ́n ń pè ní clarinet, ẹ má fẹ́ èémí gbígbóná sínú igi tútù, inú á fẹ̀ ṣáájú ẹ̀yìn, á là.

3. Ẹ má bára yín jà pé ta lohùn ẹ̀ ò bá tàwọn yòókù mu. Okùn irin gìtá máa ń súnkì nínú òtútù, ohùn ẹ̀ á lọ sókè. Ní ti fèrè, ohùn ń rìn bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ní 20°C, ní 0°C ó já sí 331, torí náà ohùn fèrè á wálẹ̀ ní tiẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kẹ́ ẹ tó tune.

Bátìrì lithium: ẹ kó o sápò tó kan ara, ẹ má sì cháàjì ẹ̀ tó bá ṣì wà lábẹ́ 0°C, ó ń ba inú ẹ̀ jẹ́.

Kéèbù tó ti gan, ẹ má fipá tú u.

Mọ́tò náà wà níbẹ̀ o. Ní Fairbanks àti Winnipeg wọ́n ń fi wáyà so ẹ́ńjìnnì mọ́ iná lóru kó lè ṣiná láàárọ̀, ẹ bi hòtẹ́ẹ̀lì bóyá sọ́kẹ́ẹ̀tì wà níta. Epo dísù (diesel) tí kì í ṣe tìgbà òtútù máa ń dì.

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọrin tán, òógùn ti rin síńgílẹ́ẹ̀tì kọ́tìnnì, tẹ́ ẹ jáde lọ ya fọ́tò tàbí kó ẹrù sí mọ́tò. Ẹ pààrọ̀ aṣọ ná, gbogbo ẹ̀ pátá, kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́ méjì, fẹ́lẹ́ nínú, nípọn níta, ẹ má fọwọ́ lásán di irin mú. Tí ìka bá funfun tí ò mọ nǹkan lára mọ́, ẹ má fi yìnyín ra á, ẹ má nà án sí hítà, á jó láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì rí dókítà lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé ìlú tó kàn.