Omi Eérú Ni Mo Da Ẹja Mi Sí

Ẹja àrọ̀ 212 ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ nínú pọ́ńdù tuntun láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. 300 ni mo rà, ₦150 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó ọkọ̀ tó gbé wọn wá sí Kabba kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti da omi pọ́ńdù nù léraléra, tó sì ń fi jẹnẹrétọ̀ fa òmíràn sí i, pẹ̀lú bí owó epo bẹntiróòlù ṣe fò sókè láti 2023, yóò mọ̀ pé owó ẹja gan-an kọ́ ló pọ̀ jù nínú ìnáwó náà. Títí di òní, ohun tó ń dùn mí jù ni pé èèyàn mẹ́ta ni mo sanwó fún lórí ọ̀rọ̀ yìí, gbólóhùn kan péré lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn ì bá gba ẹja yẹn là. Kò sí èyí tó sọ ọ́.

Kíkọ́ pọ́ńdù kò ní ìtàn. Ẹ wa ilẹ̀, ẹ to búlọ́ọ̀kù, ẹ rẹ́ ẹ, ẹ fi páìpù tí omi yóò gbà jáde sí ìsàlẹ̀. Gbogbo bíríkìlà ló mọ̀ ọ́n. Tèmi jẹ́ mítà 3 ní gígùn, mítà 2 ní fífẹ̀, omi inú rẹ̀ sì ga tó mítà 1, ìyẹn lítà 6,000. Nígbà tó pé ọjọ́ kẹwàá tí wọ́n rẹ́ ẹ tán, bíríkìlà fi ìka kan ògiri, ó ní, “Ó ti gbẹ, ọ̀gá, ẹ lè da ẹja sí i.” Ẹni tó ta ẹja fún mi bojú wo omi, ó ní ó mọ́ lóló. Lóòótọ́ ló mọ́. Bí owó ẹyọ bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ óò rí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo bá wọn tí wọ́n dúró ṣánṣán nínú omi, orí lókè, ìrù nísàlẹ̀, bíi pẹ́ńsùlù tí wọ́n kó sínú ife. Mo fi àwọ̀n gbé ọ̀kan. Àrọ̀ a máa yọ̀ lọ́wọ́, gbogbo wa la mọ̀, ṣùgbọ́n ti eléyìí kọjá bẹ́ẹ̀: ohun funfun kan bo ara rẹ̀, ó ń fà bí ilá. Mo ṣí ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ẹran ibẹ̀ ti wú, ó pọ́n bí ojú tí ata bọ́ sí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin tó ṣú, mo ti ka òkú 77.

Mo sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń ta oògùn ẹran ọ̀sìn. Wọ́n ní àìsàn ni, wọ́n ta oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, ₦18,000, fún mi. Mo da gbogbo omi nù, mo fa tuntun, mo po oògùn sí i. 64 kú. Mo tún da gbogbo rẹ̀ nù, mo tún fa òmíràn. 71 kú. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti fún wọn ní omi tuntun, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń kú jù, ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Àbúrò kan ní àdúgbò wa, tó kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kabba níbí, ló gbọ́ tó yà wọlé. “Okun o, ẹ̀gbọ́n,” ó kí mi bí a ti ń kíra ní Kabba. Mo dá a lóhùn. Kò tilẹ̀ wo ẹja, ògiri ló kọ́kọ́ wò. Ó fi àtàǹpàkò nu ibi tí omi ti fà sẹ́yìn, ó nà án sí mi: funfun bí ẹfun. Ó béèrè bóyá mo ti wọn omi náà rí. Mo ní kí ni wọ́n ń wọ̀n nínú omi? Ó padà sílé lọ mú àpò kékeré kan wá. Ó bu omi sínú ìgò gíláàsì tí kò ju ìka lọ, ó kán oògùn sí i, ó gbọ̀n ọ́n. Àwọ̀ rẹ̀ di àlùkò, ó ṣú. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì aláwọ̀ tó bá oògùn náà wá. Àwọ̀ tó jinlẹ̀ jù lórí káàdì jẹ́ ti pH 9; pH ni ìwọ̀n tó ń sọ bóyá omi kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ó ta bí omi eérú, 7 ló wà láàárín. Tèmi ṣú ju ìyẹn lọ.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “omi eérú ni ẹ da ẹja sí.”

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ọṣẹ dúdú ni ìyá àgbà wa ń ṣe jẹun. Mo mọ omi tó ń ro láti inú eérú, mo mọ bó ṣe ń bó èèyàn lọ́wọ́. Irú agbára bẹ́ẹ̀ wà nínú sìmẹ́ńtì tuntun, ó ń yọ́ wọ inú omi díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi ń le sí i. Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì láti Obajana ń kọjá lójú wa lójoojúmọ́, gbogbo wa la ti rí bíríkìlà tí sìmẹ́ńtì bó lọ́wọ́, síbẹ̀ mi ò ro ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ẹja. Omi tuntun tí mo ń fà sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í fa agbára jáde lára ògiri lákọ̀tun ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, omi bóhòlù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ilẹ̀ kì í sábà ní atẹ́gùn tó pọ̀ nínú.

Èkejì burú ju ìyẹn lọ. Ẹja ń tọ̀, ó ń yàgbẹ́, oúnjẹ tí kò jẹ tán ń jẹrà, gbogbo rẹ̀ ń di amóníà. Nínú omi tó gbóná tó 30 lórí ìwọ̀n Celsius, tí pH bá jẹ́ 7, èyí tó jẹ́ májèlé nínú amóníà náà kò tó 1 nínú 100. Tí pH bá di 9, ó lé ní 40 nínú 100. Ìdọ̀tí kan náà, ẹja kan náà, pH nìkan ló yí padà. Nígbà tó ṣàlàyé èyí fún mi, mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

A kó ẹja 88 tó kù lọ sínú pọ́ńdù tirẹ̀. Èmi wá dojú kọ omi. Ibi tí gbogbo sùúrù mi ti tán nìyí.

Ó ní kí n rọ omi kún pọ́ńdù, kí n fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n dà á nù, kí n fi ìgbálẹ̀ líle fọ ògiri, kí n tún rọ òmíràn. Mo ṣe é. Káàdì ṣì ń sọ 9. Mo tún un ṣe. 8.8. Àwọn àgbà tó ń sin ẹja ní kí n gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú rẹ̀, kí ó jẹrà síbẹ̀, pé òun ló ń fa agbára sìmẹ́ńtì. Mo gé ìtì mẹ́fà wẹ́wẹ́, mo dà wọ́n sí i. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, òórùn ibẹ̀ ti dé ojú títì. Ìyá tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa wá bá mi, ó ní, “Ọmọ mi, kí lo sin síbẹ̀?” Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Mo wọn omi: 8.6.

Ní ọjọ́ kejì, 8.6. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, 8.6. Ní gbogbo àsìkò yẹn kò sí iná, epo ni mo fi ń fa gbogbo omi, lítà 6,000 nígbà kọ̀ọ̀kan. Iye tí mo fi ra epo lóṣù yẹn ju owó tí mo fi ra ẹja lọ. Ìyàwó mi ní kí n fi erùpẹ̀ dí i, kí a gbin ewédú síbẹ̀. Mo ronú sí i lóòótọ́. Mo máa ń jí ní aago márùn-ún, mo á tan tọ́ọ̀ṣì, mo á kán oògùn sínú omi, mo á máa wo àwọ̀ náà bí ẹni ń wo èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀.

Mo kó gbogbo ìtì tó ti jẹrà jáde, mo fọ pọ́ńdù, mo rọ omi kẹrin sí i. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọ̀ àlùkò ti lọ, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ló kù. 7.8. Mo pe àbúrò lórí fóònù kí n tó fọ ẹnu. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí mo ta ẹja lọ.

Síbẹ̀, àbúrò kò jẹ́ kí n da gbogbo ẹja sí i lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń sọ amóníà di nítíráìtì, àwọn mìíràn á sọ nítíráìtì yẹn di nítíréètì, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja lára. Nínú pọ́ńdù tuntun, wọ́n lè gba oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó pọ̀ tó. Garawa omi méjì àti òkúta tó ń yọ̀ láti ìsàlẹ̀ pọ́ńdù tirẹ̀, tí kòkòrò náà ti wà lára wọn, la fi bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn 88, 80 ló yè. Àwọn ni mo kọ́kọ́ dá padà, mo sì ń fún wọn ní oúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nítíráìtì gòkè. Mo po iyọ̀ ìdáná kílò 3 sínú lítà 6,000 náà, nítorí iyọ̀ kì í jẹ́ kí nítíráìtì ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja. Kò sí èyí tó kú. Lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀ ni mo ra 150 sí i.

Tó bá jẹ́ pé mo lè padà sẹ́yìn, oògùn ìwọ̀n omi ni mo máa kọ́kọ́ rà, kí n tó ra ẹja, kódà kí n tó pe bíríkìlà. Ọkọ̀ ló bá mi gbé tèmi wá láti Lọ́kọ́ja, owó oògùn náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó epo tí mo jó. N kì í da gbogbo omi nù mọ́ láé. Ìdá mẹ́ta ni mo ń pín in sí, ìdá kan ni mo ń pààrọ̀, ní òwúrọ̀. Omi bóhòlù kì í ti páìpù bọ́ sínú pọ́ńdù tààrà: mo lu ihò sí ìdí báàfù kan, mo gbé e kọ́ sókè, omi á máa ro gba ibẹ̀ bí òjò kí ó lè rí atẹ́gùn gbà. Ní àsìkò ọyẹ́, tí omi bá tutù, mo ń dín oúnjẹ kù, nítorí wọn kì í jẹun dáadáa nígbà náà, èyí tí wọn ò bá sì jẹ, amóníà ni yóò dà.

Nínú 230, 219 ni mo kó jáde ní oṣù kẹfà. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbé sórí òṣùwọ̀n tó kílò 1.2, mo sì ní kí ìyàwó mi wá wò ó fúnra rẹ̀. Owó tí mo ta wọ́n kò tíì san gbogbo gbèsè àkọ́kọ́.

Ẹja tuntun ti wà níbẹ̀ báyìí. Káàdì aláwọ̀ náà wà lára ògiri pọ́ńdù, mo fi ọ̀rá wé e kí òjò má bà á jẹ́. Láàárọ̀ yìí, 7.4 ni.