Bí mo ṣe kọ́ béèsì “Money”: bíìtì méje tí ẹnu Yorùbá ṣí sílẹ̀ fún mi

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ta gìtá béèsì ní ìjọ wa lójú Old Kent Road, ní gúúsù London. Ọwọ́ mi mọ orin oníbíìtì mẹ́rin, ó sì mọ kónkóló dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá dá orin sílẹ̀ lójijì nígbà ìyìn, màá ti bá a kó tó parí ìlà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n orin kan wà tí mi ò rí bá, láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. “Money” ni, tó wà nínú àwo The Dark Side of the Moon tí ẹgbẹ́ olórin Pink Floyd gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 1973. Bíìtì méje-méje ló ń lọ, kì í ṣe mẹ́rin-mẹ́rin tí ọwọ́ mi mọ̀. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo pinnu pé n ó kọ́ ọ títí ọwọ́ mi yóò fi gbà á.

Mi ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan gìtá. Mo lọ ra àwo náà ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù, èyí ńlá tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ kọ, mo pa fóònù mi, mo sì jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ìṣẹ́jú 43 ni gbogbo rẹ̀. Rọ́ọ̀kì progressive ni wọ́n ń pe irú orin yìí, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àwo yìí ni kó gbọ́. Orin mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ lójú àwo kọ̀ọ̀kan, ṣe ni ọ̀kan ń wọnú èkejì láìdánu dúró. Ìró ọkàn tó ń lù kìkì ló fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ló fi parí. Ìlù ńlá tí wọ́n fi nǹkan dí nínú ni wọ́n fi ṣe ìró yẹn. Kọ́ọ̀dù kan, ìyẹn ohùn mélòó kan tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, wà nínú “Breathe” tí Richard Wright, tó ń tẹ dùùrù fún wọn, sọ pé ọ̀dọ̀ Miles Davis, olórin jáàsì, ni òun ti rí i kọ́. Ní ti “On the Run”, ohùn mẹ́jọ péré ni wọ́n kọ sínú synthesizer, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná ṣe ohùn, tí wọ́n wá jẹ́ kó máa sáré yípo bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àkókò, owó, ogun, ikú, orí tó ń dàrú: ohun tó ń da ọmọ aráyé láàmú ni Roger Waters, tó ń ta béèsì fún wọn, fi gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà sọ.

Orin tó parí ojú kìíní ló mú omi wá sójú mi. Clare Torry ló kọ ọ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu rẹ̀, igbe àti ìmí ẹ̀dùn lásán ni. £30 ni wọ́n san fún un lálẹ́ ọjọ́ Sunday kan ní oṣù kìíní ọdún 1973. Ọdún 2005 ni ọ̀rọ̀ tó tìtorí rẹ̀ gbé lọ sí kóòtù tó yanjú, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó ṣẹ̀dá orin náà. Mo rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ pẹ́ jù.

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Mo dìde, mo yí àwo padà, mo gbé abẹ́rẹ́ lé e. Bí owó ẹyọ ṣe ta lu etí mi nìyẹn.

Ìró méje ni “Money” fi bẹ̀rẹ̀. Owó ẹyọ tó ń dà, bébà tó ń ya, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ń yípo wọn léraléra kí béèsì tó wọlé. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè ṣe irú rẹ̀ fún wọn nígbà yẹn. Abọ́ ńlá tí ìyàwó Waters ń lò fún iṣẹ́ amọ̀ ni Waters da owó ẹyọ sí láti gba ìró rẹ̀ sílẹ̀. Ní sítúdíò Abbey Road, rúlà ni wọ́n fi wọn téèpù ìró kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè gún régé, wọ́n fi abẹ gé wọn, wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀ di òrùka kan, òrùka téèpù yẹn ló sì ń yí lórí ẹ̀rọ.

Mo ní kí n ṣe tèmi ná kí n tó mú gìtá, torí mo fẹ́ kí ara mi mọ méje náà kí ìka mi tó mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀n bíìtì 120 láàárín ìṣẹ́jú kan ni mo lò, ìyẹn ni pé ìró kọ̀ọ̀kan gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Mo fi fóònù gba owó ẹyọ tí mo jù sínú abọ́, síìpù pọ́ọ̀sì, dúrọ́ọ̀ tí mo tì pa, owó bébà tí mo fi àtàǹpàkò kà, àpò owó ẹyọ tí mo gbé lu tábìlì, kọ́kọ́rọ́ tó ń ró, àti rìsíìtì tí mo fà ya. Rìsíìtì yẹn kò dùn. Bébà rẹ̀ rọ̀ jù, ṣe ló ń ṣe ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀. Àpò lẹ́tà aláwọ̀ ilẹ̀ ni mo wá fà ya dípò rẹ̀, òun ló sì fún mi ní “fáààà” tí mo ń wá.

Mo to gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ọgbọọgba ni mo gé wọn, síbẹ̀ ṣe ni òrùka mi ń tiro. Alẹ́ méjì ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ àwòrán ìró náà tóbi lójú kọ̀ǹpútà ni mo tó rí i: ìdákẹ́jẹ́ tín-ín-rín kan wà ṣáájú owó ẹyọ, kò sì sí níwájú dúrọ́ọ̀. Gígùn wọn dọ́gba lóòótọ́, àmọ́ ibi tí ìró ti bẹ̀rẹ̀ nínú wọn kò dọ́gba. Mo gé iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ìró fi wà lẹ́nu ààlà gan-an, òrùka sì mú ẹsẹ̀ rìn.

Ó wá kan gìtá. Ohùn mẹ́jọ ni béèsì náà, nínú bíìtì méje. Lẹ́tà ni a fi ń pe ohùn àti okùn, “ojú” sì ni àlàfo lọ́rùn gìtá tí ìka ti ń tẹ okùn. B lórí okùn A, ojú kejì. B kejì lókè lórí okùn G, ojú kẹrin, àti F♯ lórí okùn D, ojú kẹrin; àwọn méjèèjì yìí ló pín bíìtì kejì, tàkọ́kọ́ sì pẹ́ díẹ̀ ju ìkejì lọ. Padà sórí B àkọ́kọ́, sọ̀ kalẹ̀ sí F♯ lórí okùn E, ojú kejì, lẹ́yìn náà okùn A lófìfo, B, D ní ojú karùn-ún. Ìka mi mọ̀ ọ́n láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Orí mi ni kò gbà. Mò ń kà á, “ení, èjì, ẹ̀ta,” tí mo bá ti dé ẹ̀karùn-ún, ara mi á máa wá ẹ̀kẹjọ tí kò sí níbẹ̀, màá sì kọsẹ̀ bí ẹni tó rò pé àtẹ̀gùn kan ṣì kù.

Bàbá tó ń lu gángan ní ìjọ wa ló bá mi níbi tí mo ti ń ṣe é lẹ́yìn rìhásà.

“Kí lò ń kà bí ẹni tó ń ka owó àjọ?”

“Bàbá, méje ni. Ẹ̀karùn-ún ni mo ti máa ń sọnù.”

“Ìlù kì í kà, ọ̀rọ̀ ló máa ń sọ. Kí ni orin ọ̀hún ń wí?”

“Ọ̀rọ̀ owó ni, sà.”

“Ó dáa. Lọ wá ohun tí owó ń wí.”

Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà nígbà tó bọ́ sí mi lẹ́nu: Owó mi dà? Kò sì sí mọ́. Ẹ kà á: sílébù mẹ́jọ, bí ohùn béèsì ṣe jẹ́ mẹ́jọ. O, bíìtì kìíní. Wó-mi, ìkejì. Dà, kò, sì, sí, mọ́: ìkẹta dé ìkeje. Wó lọ sókè gẹ́lẹ́ níbi tí B òkè wà, mi sọ̀ díẹ̀, dà balẹ̀. Kò wà nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí F♯ wà, sí àti mọ́ sì ń gòkè bọ̀ bí B àti D. Kò bára mu délẹ̀délẹ̀ o, torí ojú kan náà ni béèsì ti ń ta “o” àti “dà”, bẹ́ẹ̀ “o” jẹ́ re, “dà” sì jẹ́ dò. Ṣùgbọ́n etí ọmọ Yorùbá kò ní sọnù níbẹ̀. Mo délé, mo gbé gìtá, mo ń sọ ọ́ bí mo ṣe ń ta á. Ogún ìyípo lọ láìṣe àṣìṣe kan. Mo gbé gìtá sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ yàrá, mo dúpẹ́.

Ìyókù rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ, àfi ibì kan. Nígbà tí Dick Parry bá ń fọn saxophone, méje náà ni wọ́n ṣì ń lọ. Tí David Gilmour, tó ń ta gìtá fún wọn, bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi gìtá sọ tirẹ̀, gbogbo wọn bọ́ sórí mẹ́rin, ó sì sún mọ́ blues gan-an. Láàárín ibẹ̀ ni ohùn ti gbẹ lójijì, tí ó dà bíi pé àwọn èèyàn náà wà nínú yàrá kékeré kan, kí gbogbo rẹ̀ tó tún ṣí padà. Ibi tí wọ́n ti ń padà sórí méje ló mú mi lọ́rùn. Mi ò lè fi ẹ̀rọ tó ń ka bíìtì tọ́ ara mi sọ́nà pẹ̀lú, torí àwọn fúnra wọn ń yára sí i bí orin ṣe ń lọ. Ohun tó gbà mí ni pé mo ń sọ “Owó mi dà?” nínú ọkàn kí mẹ́rin ìkẹyìn tó tán, kí ẹnu mi ti wà nínú méje kí ọwọ́ mi tó débẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn rìhásà, èmi àti ẹni tó ń lu ìlù fún wa ta á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òrùka ìró mi níwájú látinú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. A lọ sórí mẹ́rin, a padà sórí méje, kò sí ẹni tó ṣubú. Ní ìyípo kẹta lẹ́yìn tí a padà, Bàbá gbé gángan kọ́ èjìká, ó wọlé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì ń wí i ní kedere: owó mi dà, kò sì sí mọ́. Ìyá kan tó ń ká àga lẹ́yìn gbọ̀ngàn, tí kò mọ Pink Floyd rí, gbórí sókè.

“Á wá o,” ni ìyá náà dáhùn. “Lágbára Ọlọ́run, á wá!”