Bí Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì Bá Ń Falẹ̀: Ibi Tó Yẹ Kí Àyẹ̀wò Ti Bẹ̀rẹ̀

Ní ọ́fíìsì kékeré tí kọ̀ǹpútà márùn-ún tàbí mẹ́fà ti ń lo ráútà (àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì) kan ṣoṣo, gbólóhùn tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu òṣìṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá ń falẹ̀ ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá yóò ní kí wọ́n ra dátà sí i. Kí a tó náwó, ikú ilé ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Ẹ wádìí bóyá kọ̀ǹpútà kan ló ń falẹ̀ tàbí gbogbo wọn, kí ẹ sì ṣí fáìlì kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, èyí tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Bí fáìlì yẹn pàápàá bá ń pẹ́ kó tó ṣí, dátà kò jẹ̀bi.

Lórí kọ̀ǹpútà náà, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc papọ̀ kí Task Manager lè jáde, kí ẹ wá wo CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), Memory (RAM, ibi tí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ máa ń wà) àti Disk (ibi tí fáìlì ń gbé). Ohun tí a sábà máa ń rí lórí kọ̀ǹpútà àlòkù ni pé Disk yóò dúró sórí 100% nígbà tí CPU kò tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó tó nǹkan, nítorí pé hard disk àtijọ́ tó ń yí bíríbírí kò lè tètè gbé ohun tí Windows ń béèrè jáde. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì pamọ́, kí ẹ tó fi SSD, ìyẹn disk tí kò ní ohun tó ń yí nínú, rọ́pò rẹ̀. Lójú tèmi, kò sí owó tí a ná sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń so èso tó ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ Memory ló ń kún, tí RAM kò sì ju 4GB lọ, ẹ sọ ọ́ di 8GB.

Bí ó bá jẹ́ gbogbo wọn ló ń falẹ̀, ẹ ṣí Command Prompt (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows), ẹ tẹ ipconfig, kí ẹ wo nọ́ńbà Default Gateway, ìyẹn àdírẹ́sì ráútà, tó sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1. Ẹ fi ping, àṣẹ tó ń wò bí ìdáhùn ṣe ń yára tó, pe nọ́ńbà náà, lẹ́yìn náà kí ẹ pe 8.8.8.8, tó jẹ́ ti Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ráútà bá ń dáhùn kíákíá, tí èkejì sì ń pẹ́, ó lè jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì ló fà á, ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ ará ilé. Ọ̀nà tí fáìlì ń gbà jáde sábà máa ń tóóró ju èyí tó ń gbà wọlé lọ, nítorí náà kọ̀ǹpútà kan tí OneDrive (ètò Microsoft tó ń kó fáìlì pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì) ń ti inú rẹ̀ kó àwòrán jáde lè dí ọ̀nà náà pa, débi pé ojúewé lásán kò ní ṣí fún ẹlòmíràn, torí pé ìbéèrè rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Ẹ dá OneDrive yẹn dúró títí iṣẹ́ yóò fi parí, kí ẹ sì má gbàgbé fóònù àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lórí Wi-Fi.

Bí ráútà gan-an bá ń pẹ́ kó tó dáhùn, ẹ yẹ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ti ara kọ̀ǹpútà wá wò, pàápàá èyí tí ẹsẹ̀ àga ń tẹ̀. Wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀; ìyára 1000 Mbps (mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) nílò gbogbo wọn, àmọ́ mẹ́rin tó fún 100 Mbps, nítorí náà bí ọ̀kan bá já, iṣẹ́ lè máa lọ lọ́nà tó falẹ̀ láìsí ìkìlọ̀ kankan. Ẹ wo Link speed nínú Settings, lábẹ́ Ethernet. Bí ti kọ̀ǹpútà kan bá jẹ́ 100 nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ 1000, ẹ pààrọ̀ wáyà rẹ̀. Bí iná ara switch (àpótí tí a ń ki wáyà kọ̀ǹpútà púpọ̀ bọ̀ kí wọ́n lè bára wọn sọ̀rọ̀) bá sì ń ṣẹ́jú papọ̀ láìdáwọ́dúró, tí ohunkóhun kò lọ mọ́, ẹ wá wáyà tí ẹnì kan ti ki orí rẹ̀ méjèèjì bọ inú switch kan náà, èyí tó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tún tábìlì tò, kí ẹ sì fa orí kan yọ.